Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa: Aṣọ Òtútù fún Ajá

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà ti ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, mẹ́ta nínú wọn sì dá lórí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: aṣọ tí a ó fi bo ajá nígbà òtútù. Inú mi dùn sí ìbéèrè náà gan-an, nítorí ẹni tí ó bá ń rò ó bóyá òtútù ń mú ajá òun ti gbà pé ajá náà ní ara tí ń mọ ìnira. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Àjè, Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rán aṣọ obìnrin àti ti ọmọdé. Oníbàárà mi kan àti ọkọ rẹ̀ ń múra láti kó lọ sí Manchester ní Ìlú Ọba, wọ́n sì fẹ́ mú ajá wọn dání. Ajá ìbílẹ̀ ni, akọ, ọmọ oṣù márùn-ún, irun rẹ̀ kúrú, Tanímọ̀la ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní kí n rán aṣọ òtútù fún un, kí n sì lo aṣọ òkè tí ó ṣẹ́ kù lára aṣọ ìgbéyàwó wọn. Mo gé èyí àkọ́kọ́ bí mo ṣe ń gé bùbá ọmọdé, mo fi apá sí i, mo sì to bọ́tìnnì sí i láyà. Kí á tó ṣẹ́jú, ajá náà ti já bọ́tìnnì méjì, a kò sì rí ju ẹyọ kan lọ nílẹ̀. Nígbà tí ó tún rìn díẹ̀, aṣọ náà yí bìrí sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Irú aṣọ wo ni ó yẹ kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa wọn ajá? — Ìyá Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Ìyá Aránṣọ. Bọ́tìnnì kejì yẹn ni kí á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé. Ó ṣeé ṣe kí Tanímọ̀la ti gbé e mì, ọ̀pọ̀ irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ sì máa ń bá ìgbẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bì, tí ó kọ oúnjẹ, tí ikùn rẹ̀ le, tàbí tí kò lè yàgbẹ́, kí àwọn olówó rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní ọjọ́ náà gan-an. Láti òní lọ, ẹ má ṣe fi bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí okùn tí ó ń rọ̀ dirodiro sí aṣọ ajá kankan.

Ìdí tí bùbá yẹn fi yí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọwọ́ yín. Aṣọ ènìyàn máa ń rọ̀ láti èjìká, ajá kò sì ní èjìká tí aṣọ lè fi ara rọ̀ sí bí tiwa, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àyà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ gbọọrọ láti ọrùn dé ìdí ìrù. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi ọkàn yàwòrán rẹ̀ ni gàárì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà ní Ojúde Ọba bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ sí ẹ̀yìn ẹṣin, tí wọ́n á gbé gàárì lé e, tí òjá yóò sì gba abẹ́ ikùn kọjá láti di gbogbo rẹ̀ mú. Bí aṣọ òtútù ajá ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn: aṣọ fífẹ̀ kan tí ó bo ẹ̀yìn, tí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìhà méjèèjì, tí iwájú rẹ̀ pàdé ní àyà, tí òjá fífẹ̀ kan sì so ó mọ́ra lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Kò nílò apá rárá. Apá ni ó máa ń ha ajá ní abíyá títí awọ ibẹ̀ yóò fi bó.

Nípa wíwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ajá náà wà ní ìdúró, kí ẹnìkan máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú níwájú, nítorí bí ó bá jókòó ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀, ìwọ̀n yín kò sì ní péye. Ẹ wọn gígùn ẹ̀yìn láti ibi tí ìdè ọrùn máa ń wà dé ìdí ìrù, kí ẹ sì yọ ínṣì kan kúrò nínú rẹ̀ kí aṣọ má baà dí ìrù lọ́wọ́. Ẹ wọn igbá-àyà yí ká ní ibi tí ó ti fẹ̀ jù, ìyẹn lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ìwọ̀n yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ojú bù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn ìdí ọrùn yí ká, kí ẹ sì wọn àlàfo tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kí òjá àyà má baà fẹ̀ jù ú lọ. Ajá ìbílẹ̀ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, tí ó ti dàgbà tán, jẹ́ ínṣì 18 ní ẹ̀yìn, 22 ní igbá-àyà àti 14 ní ọrùn. N kò sọ èyí kí ẹ lè fi gé aṣọ Tanímọ̀la, bí kò ṣe kí ẹ lè mọ̀ bí téèpù yín bá ti ṣìnà. Bí ẹ bá ti so aṣọ náà tán, ó yẹ kí ìka yín méjì tí ẹ tẹ́ pẹlẹbẹ lè wọ abẹ́ rẹ̀ ní ọrùn àti ní àyà láìsí ìfipá. Bí ìka mẹ́rin bá wọ̀ ọ́, ó ti fẹ̀ jù, yóò sì yí padà gẹ́gẹ́ bí bùbá àkọ́kọ́ ti ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gé e o. Òfin Ìlú Ọba fún ajá tí ó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ni pé kí a ti fi àmì ìdánimọ̀ kékeré sí abẹ́ awọ rẹ̀, kí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, kí oṣù mẹ́ta sì kọjá láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ tí àbájáde rẹ̀ dára kí ó tó lè wọ ìlú náà. Bí wọn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́rin ó kéré tán ni èyí yóò gbà, ọmọ ajá oṣù márùn-ún yóò sì ti di ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Aṣọ tí ó bá a mu lónìí yóò ti kéré jù fún un nígbà náà. Ẹ bi oníbàárà yín léèrè ibi tí wọ́n bá ìwé ajá náà dé, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá sì fi ínṣì mélòó kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí àti lára òjá, yóò wúlò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ṣì fẹ̀ sí i lọ́hùn-ún.

Ní ti irú aṣọ tí ẹ máa rà, ẹ rántí pé kì í ṣe aṣọ gan-an ni ó ń gbé ooru ara ró, afẹ́fẹ́ tí aṣọ ká mọ́ ni. Àwọn ajá bí Alsatian ní irun ìpele méjì, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó sì ń ká afẹ́fẹ́ mọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi nílò aṣọ ní Manchester. Ajá ìbílẹ̀ wa kò ní irú irun ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ooru ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí. Òtútù Manchester ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8°C, òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ lé e. Òjò yìí ni ọ̀tá yín, ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Aṣọ tí ó gba omi dúró máa ń fa ooru jáde lára ajá, ó sì sàn kí ajá wà láìwọ aṣọ ju kí ó wọ èyí tí ó rin gbingbin lọ.

Nítorí náà, ẹ lo ìpele méjì. Fún inú, ẹ wá aṣọ onírun rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní fleece, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kúbùsù ọmọ tuntun. Ó fúyẹ́, ó ń ká afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì máa ń tètè gbẹ. Kúbùsù òkìríkà kan tí kò tíì gbó yóò tó fún ajá méjì, kò sì ní ná yín lówó púpọ̀. Fún òde, ẹ lo aṣọ tí omi kì í wọ̀, irú ti agbòjò tàbí ti aṣọ òjò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ìrán kankan gba orí ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, nítorí ojú abẹ́rẹ́ ni òjò yóò gbà wọlé. Ẹ gé ẹ̀yìn náà ní odidi, kí gbogbo ìrán wà ní ìhà. Aṣọ òkè olówùú wúwo, ó sì ń mu omi bí kànrìnkàn. Mo mọ ohun tí aṣọ ìgbéyàwó jẹ́ fún ẹni tí ń fi ilé sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ dá a padà fún wọn: ẹ fi ṣe etí tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn ká, kí ó má kọjá ínṣì kan, níbẹ̀ kò ní wúwo, kò sì ní pa ajá lára.

Dípò bọ́tìnnì, ẹ lo ìdè alẹ̀mọ́ra tí ó wà lára bàtà ọmọdé, èyí tí ó máa ń dún fàà bí a bá ṣí i, kí apá rẹ̀ tí ó le kọjú sí òde kí ó má baà máa fa irun. Òjá abẹ́ ikùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì méjì, nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé awọ. Akọ sì ni Tanímọ̀la: aṣọ abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ìdodo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa tọ̀ sí aṣọ ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ṣí ihò kékeré kan sí ẹ̀yìn ọrùn tí okùn ajá yóò gbà jáde. Ohun kan tí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má rò ni pé ní oṣù Kejìlá, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní Manchester ni oòrùn ti ń wọ̀; ẹ rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án, irú ti àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà, sí ìhà rẹ̀ méjèèjì.

Bí ẹ bá rán an tán, ẹ wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rìn, kí ó sáré, kí ó jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ tọ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha etí rẹ̀. Bí ìrìn rẹ̀ bá kúrú, tí ẹsẹ̀ iwájú kò lè nà dáadáa, ẹ tún ọrùn gé. Kí ìdánwò náà má kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ní àárọ̀ kùtù, nítorí Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe Manchester. Inú mi sì dùn pé tọkọtaya òde òní ṣì ń sọ ajá ní Tanímọ̀la; àwọn bàbá wa mọ bí a ti ń fi orúkọ ajá fèsì fún aládùúgbò láìya ẹnu sí i.

Ìbéèrè: Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́. Ajá mi ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, orí táìsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń sùn. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni ó máa ń gbọ̀n. Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Kánádà fi aṣọ ajá kan ránṣẹ́, ó nípọn bí tìmùtìmù. Bí mo bá wọ̀ ọ́ fún un, ńṣe ni ajá náà máa ń dúró gbagidi bí ère, kò ní gbẹ́sẹ̀. Ṣé kí n fipá mú un ni? — Bàbá Olùkọ́, Ìkẹ́nnẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ má ṣe fipá mú un. Ajá tí ó dúró gbagidi nínú aṣọ kò ṣe agídí. Ìnira ni ó ń sọ. Aṣọ tí ọmọ yín rà dára fún ibi tí ó ń gbé, níbi tí ìwọ̀n òtútù ti lè lọ sí ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìkẹ́nnẹ́, àárọ̀ ọyẹ́ tí gbogbo wa ń fi kúbùsù bora kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20°C tàbí díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bí ó bá sì di ọ̀sán oòrùn yóò ti mú. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, ó ṣe ojúṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ bá a ká aṣọ náà pa mọ́.

Kí ẹ tó wá aṣọ mìíràn, ẹ gbé ajá náà kúrò lórí táìsì. Ilẹ̀ tútù máa ń fa ooru ara jáde ní gbogbo òru, aṣọ ẹ̀yìn kò sì lè dí ibi tí ikùn ti kan ilẹ̀. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan, kí ẹ gbé e lé bíríkì méjì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ mélòó kan lé e, kí ẹ sì gbé e sí kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn ọyẹ́ kò ti ní máa fẹ́ lù ú. Nínú ajá arúgbó mẹ́wàá tí wọ́n gbé tọ̀ mí wá nítorí gbígbọ̀n ara, ibùsùn nìkan ni ó wo ọ̀pọ̀ wọn sàn.

Síbẹ̀, ajá ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹ fún aṣọ fẹ́lẹ́ kan láàárọ̀. Ẹran ara rẹ̀ ti ń fà, oríkèé rẹ̀ sì ń dùn ún nígbà tí ó bá tutù. Ẹ wá súwẹ́tà òkìríkà ti ọmọdé, ẹ gé apá rẹ̀ kúrò, ẹ fẹ ihò ẹsẹ̀ dáadáa, ẹ sì gé abẹ́ rẹ̀ kúrú kí ó má baà tọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ kàn tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ kí ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lé e lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fún un ní orí ẹja. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó bọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn. Bí ó bá di agogo mẹ́sàn-án tí oòrùn ti yọ, ẹ bọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi í sùn lálẹ́ níbi tí ojú yín kò tó o.

Lójoojúmọ́ tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fi ọwọ́ tú irun abẹ́ rẹ̀ wò. Mo ti rí ajá kan ní ìlú kan ní Rẹ́mọ tí wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú inú rere ni o, wọ́n rò pé àwọn ń kẹ́ ẹ. Nígbà tí a bọ́ aṣọ náà, egbò ti yí abíyá rẹ̀ méjèèjì ká, eégbọn sì ti pọ̀ lábẹ́ òjá débi pé a kò lè kà wọ́n. Ó yè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí irun tó hù padà níbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù, Bàbá, òun ni ó sì ń kọ mí lóminú jù. Kì í ṣe òtútù nìkan ni ó ń mú ajá gbọ̀n. Ìrora, ẹ̀rù, àti ibà tí eégbọn ń kó sí ajá lára lè fà á. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n nígbà tí oòrùn ti mú, tàbí tí ó ń gbọ̀n lórí ibùsùn gbígbẹ, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n, aṣọ kọ́ ni ó nílò. Ìwọ̀n ooru ara ajá tí ó gbádùn máa ń wà láàárín 38 sí 39.2°C, ó ju ti ènìyàn lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán díwọ̀n rẹ̀. Dókítà ẹranko ni kí ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 37 tàbí tí ó lé ní 39.5, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Mo ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ajá mi dúdú, Rottweiler ni, ó sì tóbi. Régbérégbé bàbá mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, yóò jáde ní Ojúde Ọba, mo sì fẹ́ kí ajá mi wọ irú dámáàsìkì tí wọ́n máa wọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìpele tí ó nípọn sí abẹ́ rẹ̀ bíi ti aṣọ òtútù kí ó lè dúró ṣánṣán lára rẹ̀. Ìwọ̀n wo ni kí n fún télọ̀? — Ọmọ yín, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, n kò ní fún ọ ní ìwọ̀n kankan, má bínú. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn, ìyẹn kò sì tó nǹkan. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, nípa jíjẹ́ kí itọ́ ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Ojúde Ọba máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní àwọn ọdún yìí sì ni ó ń bọ́ sí àsìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tí itọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Fi aṣọ òtútù bo ajá ńlá dúdú nínú irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, láàárín èrò, kí ooru ara rẹ̀ sì lé ní 41°C: ó lè kú kí ẹ tó rí ọ̀nà gbé e jáde. Àwọn ẹṣin àti ìró ìbọn ìdílé Balógun tún wà níbẹ̀, tí kò sí ajá tí a kò fi kọ́ tí kò ní bẹ̀rù wọn.

Bí fọ́tò ni o fẹ́, ní kí télọ̀ gé dámáàsìkì náà ní ìpele kan ṣoṣo, kí ó ṣe é bí gèlè kékeré tí ó rọ̀ ní ọrùn rẹ̀. Ya fọ́tò náà nílé láàárọ̀, kí ìwọ àti bàbá rẹ jọ wà nínú rẹ̀, kí o tú u, kí o bu omi tútù síwájú ajá náà lábẹ́ ibòji, kí o sì fi ẹnìkan tì í kí ẹ tó máa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.